Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ Dúdú: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ilẹ̀ Kòkó Wò Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè

Nǹkan bí ọdún 1880 ni James Pinson Labulo Davies, ọ̀gá oníṣòwò ará Èkó tí gbèsè ti dojú òwò rẹ̀ bolẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn, ní ìhà Agége. Àwọn oníṣòwò mìíràn tí ọjà Èkó ti sú tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀. Jacob Kehinde Coker ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn. Òun ni olórí Agege Planters' Union tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907. Lóko àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ lébìrà tó wá láti ìlú òkè ti kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, tí wọ́n sì gbé irúgbìn rẹ̀ padà sílé. Èyí ni a máa ń sọ nígbà tí a bá ń yin àwọn aṣáájú. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé kòkó Agége kò tọ́jọ́. Igbó ibẹ̀ ga, ojú ilẹ̀ rẹ̀ dúdú nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán an, igi sì so dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, obì gbànja sì wá jogún ilẹ̀ náà, títí tí orúkọ Agége fi di orúkọ obì lẹ́nu àwọn Hausa tó ń rà á. Yanrìn ni ilẹ̀ Agége, yanrìn jíjìn tí omi ti kó jọ síbẹ̀ láti ayébáyé. Ọ̀rá tí igbó ibẹ̀ fi ń yangàn kò sí nínú yanrìn yẹn rárá. Inú ewé tó ń wọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún ló wà. Nígbà tí igbó lọ, ọ̀rá náà bá a lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Agége ni mo fẹ́ gbé lé orí ìwọ̀n, nítorí pé ìdájọ́ méjì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa nípa ilẹ̀ kòkó, mo sì gbà pé kò sí èyí tó tọ̀nà nínú wọn. Àwọn kan ń sọ pé àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ kò mọ̀ nípa ilẹ̀, pé igi ńlá ni wọ́n kàn ń wò kí wọ́n tó gbin nǹkan. Àwọn kan ń sọ òdìkejì rẹ̀, pé àwọn baba wa mọ ohun gbogbo, pé òyìnbó ló wá fi ìwé da ìmọ̀ wọn rú. Èmi kò gba ti ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí ìtàn kòkó fi hàn láti Agége dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀ àti Oǹdó, ni pé àgbẹ̀ Yorùbá ní ọ̀nà tó péye láti fi yẹ ilẹ̀ wò, ṣùgbọ́n fún iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti dá ọ̀nà náà. Kòkó jẹ́ igi tí ń lo ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, nínú ilẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ yàtọ̀, orí ilẹ̀ tó sì dagun sísàlẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti ń hàn jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà àtijọ́ yẹn fínnífínní kí a tó dá a lẹ́jọ́. Àgbẹ̀ tó bá wọ igbó tuntun kì í kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Igi ni yóò gbójú sókè wò. Ibi tí ìrókò, arère àti afàrà bá ti pọ̀, ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ibi tí ẹ̀kan bá ti gbilẹ̀, yóò kọjá lọ, nítorí ilẹ̀ tó ti ṣá tàbí tí iná ti ń jó lemọ́lemọ́ ni ẹ̀kan máa ń gbà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹsẹ̀ tú ewé gbígbẹ ká láti wo bóyá ìgbẹ́ ekòló pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Yóò fi àdá gún ilẹ̀. Bí àdá bá wọlé láìsí ariwo, ó dára. Bí ó bá dún kéke mọ́ òkúta, ó ti mọ ohun tó bá pàdé. Yóò bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò ta omi díẹ̀ sí i, yóò sì yí i láàárín ìka. Èyí tó bá ṣù pọ̀ ní amọ̀ nínú. Èyí tó bá tú ká, yanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ka ìwé dé góńgó ṣì ń ṣe irú ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí títí di òní, ìka ni wọ́n sì fi ń yí i, kì í ṣe ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn àgbẹ̀ yẹn kò mọ nǹkan kan, ó yẹ kó sọ ohun tí òun ì bá lò dípò rẹ̀ ní ọdún 1900.

Àléébù ọ̀nà náà kò sí nínú àìmọ̀kan; bí àdá ṣe gùn tó ni àléébù rẹ̀. Àdá tí a fi ọwọ́ gún sílẹ̀ kì í wọlé ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ. Ìwọ̀n yẹn tó fún iṣu, nítorí pé àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kó ilẹ̀ jọ di ebè, tí iṣu yóò sì jáde kí ọdún tó yí po. Kòkó ń fẹ́ kí gbòǹgbò àárín rẹ̀ ráyè wọlẹ̀ dé nǹkan bí mítà kan àti ààbọ̀, nítorí omi ni. Ní Ìbàdàn, òjò ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,200 mìlímítà lọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń wà láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta. Kòkó kì í ṣe igi tí ń wọ́wé sílẹ̀ kó sùn títí òjò yóò fi dé. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, tí ọyẹ́ ń gbẹ ojú ilẹ̀, omi tí amọ̀ ìsàlẹ̀ bá ti mú pamọ́ láti ìgbà òjò ni igi ń mu. Ilẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, ìdajì omi ni yóò gbà, bí ojú rẹ̀ ti wù kó dúdú tó.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ gbòǹgbò tí kòkó fi ń jẹun wà ní òkè, láàárín ogún sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́, pé ohun tí àdá ń yẹ̀ wò nìyẹn gan-an. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kòkó tuntun fi máa ń ṣe dáadáa lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ ilẹ̀ èyíkéyìí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán igbó rẹ̀, tí àwọn ará Agége fi rò pé àwọn ti jèrè. Ojú ilẹ̀ ń bọ́ igi, abẹ́ rẹ̀ ló ń fún un lómi, àìsí omi sì ni ó ń pa á. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní fi èyí hàn, àfi bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Ìṣòro náà máa ń yọjú nígbà tí igi bá ti dàgbà, tí ewé rẹ̀ pọ̀, tí òùngbẹ rẹ̀ pọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì ti kan yangí. Àgbẹ̀ ti náwó, ti lo agbára, ó sì ti sanwó fún lébìrà fún ọdún mẹ́jọ kó tó mọ̀.

Kí ló dé tí abẹ́ ilẹ̀ fi lè yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí ojú rẹ̀? Onímọ̀ ilẹ̀ P. H. Nye ni ó dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa jù, nínú ìwádìí tó ṣe lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní agbègbè Ìbàdàn, tí ó tẹ̀ jáde ní 1954 àti 1955. Ó gbẹ́ kòtò láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì wo bí ilẹ̀ ṣe tò léra. Lókè pátápátá ni ipele tín-ín-rín kan tí ekòló ti jẹ, tí wọ́n sì ti yọ sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni erùpẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí kò ní òkúta nínú: iṣẹ́ ikán ni èyí. Ikán ń gbé amọ̀ àti yanrìn kéékèèké láti ìsàlẹ̀ wá sókè láti fi mọ ògán. Òjò á wó ògán náà bó pẹ́ bó yá, erùpẹ̀ rẹ̀ á tàn ká, òmíràn á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ikán kò lè gbé òkúta, ekòló kò lè gbé e mì. Nítorí náà òkúta ń ṣẹ́ kù sísàlẹ̀, ó ń kó jọ, títí yóò fi di ìtẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí kan lábẹ́ erùpẹ̀ dídára. Lábẹ́ ìtẹ́ yẹn ni amọ̀ pupa wà, lábẹ́ amọ̀ ni àpáta jíjẹrà tí ohun dídán wínníwínní ń tàn nínú rẹ̀. Èyí ni mo kà sí kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ rírọ̀ tí àdá ń wọ̀, tí ìgbẹ́ ekòló wà lójú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò ni. Ó lè jẹ́ aṣọ tí wọ́n dà bo òkúta. Àmì ekòló tí àgbẹ̀ ń wá kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ipele àkọ́kọ́ nìkan ni.

Ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tún wá mú un le sí i. Ilẹ̀ orí òkè kì í dúró sójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rọra yọ́ wálẹ̀, òjò ńlá sì ń gbá ojú rẹ̀ lọ. Ìgbàgbọ́ tó wọ́pọ̀ ni pé gbogbo ọ̀rá òkè máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, pé nítorí náà ibi ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ ti dára jù. Ní agbègbè Ìbàdàn àti Ìwó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbàrá bá ru erùpẹ̀, yanrìn ló máa ń kọ́kọ́ jókòó nítorí pé ó wúwo. Amọ̀ tó fúyẹ́ á bá omi lọ sínú odò, á sì fi àdúgbò sílẹ̀ pátápátá. Yanrìn ni ó kù fún ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó jìn, kò ní òkúta, àdá ń wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì ń tan èèyàn jẹ nítorí náà gan-an, nítorí kò lè mú omi dúró dé àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, a ó kan àkùrọ̀, níbi tí omi kò wọ́n rárá ṣùgbọ́n tí ó máa ń dúró sí lórí gbòǹgbò kòkó ní ìgbà òjò títí á fi rà. Ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn àti ìrẹsì ló ni àkùrọ̀. Nínú oko kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè tó sì parí sí etídò, ó lè jẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń rìn kọjá.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ìjọba kò tètè mọ èyí bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́ ká gbà. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni Geoffrey Milne ti kọ́kọ́ gbé ìlànà náà kalẹ̀ ní 1935, pé kí a má ṣe ka ilẹ̀ orí òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ sí ohun mẹ́ta tí kò mọra wọn, pé kí a kọ wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ kan tó ń tẹ̀ léra lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní Gold Coast (Gánà òní), C. F. Charter mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ inú ilẹ̀ kòkó, nítorí iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Tafo ní 1944. Ní Moor Plantation, oko ìwádìí ìjọba ní Ìbàdàn, H. Vine ti ń tú ilẹ̀ Nàìjíríà wò láti àwọn ọdún 1930. Ìwé tó kó gbogbo rẹ̀ jọ ni èyí tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1962. Nínú ìwé yìí ni ilẹ̀ wa ti gba orúkọ tí gbogbo àgbáyé ìmọ̀ ilẹ̀ fi ń pè é títí di òní: Ìwó, Oǹdó, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìtàgúnmódì, Òkèmẹ̀sí, Àpòmù, Jàgó. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìwádìí láti ilẹ̀ òkèèrè nípa ilẹ̀ gbígbóná, á máa bá orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí pàdé láìretí. Inú mi máa ń dùn sí i, mi ò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì nínú àwọn orúkọ yẹn, nítorí ìfiwéra wọn bi èrò kan tó gbajúmọ̀ wó. Èrò náà ni pé bí òkè bá ṣe ga gan-an tó, tí ó dagun tó, ni ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń burú tó. Ìtàgúnmódì wà lẹ́bàá Iléṣà. Àpáta dúdú tó wúwo, tó kún fún irin àti àwọn èròjà mìíràn tí igi ń jẹ, ló jẹrà di ilẹ̀ ibẹ̀. Amọ̀ pupa jíjìn ni, òkúta kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ láti orí òkè wá. Òkèmẹ̀sí kò jìnnà púpọ̀ sí ibẹ̀, òjò wọn kò sì yàtọ̀ tó nǹkan. Àpáta funfun líle tí kì í tètè jẹrà ló wà lábẹ́ òkè tiwọn, àwọn òkè tó tò lọ dé ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Nígbà tí irú àpáta yẹn bá fọ́, yanrìn àti òkúta ni ó ń dà, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì jìn. Smyth àti Montgomery ka ti Ìtàgúnmódì mọ́ èyí tó dára fún kòkó, wọ́n sì ka ti Òkèmẹ̀sí mọ́ èyí tí kò yẹ. Ẹ̀gbẹ́dá, tí àpáta rẹ̀ kúnná, fún wọn ní amọ̀ tó ṣe é gbíyè lé, bí òkúta tilẹ̀ wà lókè rẹ̀. Ìwó, tí àpáta rẹ̀ jẹ́ oníhóró ńláńlá, ní yanrìn àti òkúta jù ú lọ. Ìdàǹrè tilẹ̀ tún ṣe ẹ̀rí mìíràn: àpáta gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ tí koríko kò lè hù lórí rẹ̀ ló yí ìlú náà ká, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń ka ìlú kòkó tí kì í dárúkọ Ìdàǹrè. Ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn àpáta yẹn jìn, òjò ibẹ̀ sì pọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ. Bí òkè ṣe dagun tó ń sọ bí ọ̀gbàrá yóò ṣe le tó. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nísàlẹ̀.

Nísinsìnyí, àtakò tó lágbára jù lọ. Ẹni tó mọ ìtàn kòkó Ìbàdàn yóò sọ pé àrùn ló pa á, kì í ṣe ilẹ̀. Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn swollen shoot, èyí tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, ní agbègbè Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ń gé igi àwọn àgbẹ̀, tí ìjà sì ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. N kò lè sẹ́ èyí, àrùn náà pa ọ̀pọ̀ oko. Kò lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ṣá o. Kòkó Agége ti rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ àrùn yẹn ní Nàìjíríà. Àrùn tó ń gba inú kòkòrò kékeré ràn láti igi dé igi kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín Ẹ̀gbẹ́dá àti Àpòmù; bí òun nìkan bá ni ó ń pa kòkó, kò yẹ kí àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò rí i pé ipò igi ń bá irú ilẹ̀ rìn. Wọ́n rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbà ni pé igi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fi ìyà jẹ kò ní okun láti fara da àrùn tàbí kòkòrò, pé ìbéèrè bóyá ilẹ̀ ni tàbí àrùn ni, ìbéèrè tí kò wúlò fún àgbẹ̀ tó ń ronú àtigbìn tuntun ni. Kò lè yan bóyá àrùn yóò dé. Ó lè yan ibi tí yóò gbìn sí.

Àtakò kejì dá lórí ìṣíkiri. Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1975, ṣe àpèjúwe bí àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn ṣe ń jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn lọ gba ilẹ̀ ní Ifẹ̀, Oǹdó àti ibòmíràn láti gbin kòkó. A lè sọ pé igbó òfìfo ni wọ́n ń wá, pé ilẹ̀ ti há ní Ìbàdàn. Ìdí kan nìyẹn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n kọjú sí. Ilẹ̀ wà ní ìhà àríwá Ìbàdàn, lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ṣakí, ilẹ̀ tó fẹ̀ rẹpẹtẹ. Ìlà-oòrùn àti gúúsù ni wọ́n forí lé, níbi tí wọ́n ti di àlejò, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó ń sanwó lé ilẹ̀ nígbà tí òmíràn wà tí kò ná an ní nǹkan púpọ̀, ìdájọ́ nípa ilẹ̀ ni ó ń ṣe yẹn. Òjò ni wọ́n ń tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òjò àti ilẹ̀ kì í ṣe ohun méjì nínú ọ̀ràn kòkó. Ní Oǹdó tí òjò ti tó nǹkan bí 1,500 mìlímítà, ilẹ̀ tó jẹ́ àbùkù ní Ìbàdàn lè tọ́ kòkó dàgbà. Ní Ìbàdàn, amọ̀ gbọ́dọ̀ sanwó fún òjò tí kò rọ̀. Bí mo ṣe rí i, ìṣíkiri yẹn ni àyẹ̀wò ilẹ̀ tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni tíì ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Ogójì ọdún ló gbà, igi tó kú àti igi tó yè sì ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n. Ìyà tó jẹ àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà pọ̀, kòtò ẹsẹ̀ mẹ́fà kan ì bá sì ti gba ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti 1962 ni ìmọ̀ méjèèjì ti wà níwájú wa: ti àgbẹ̀ tó mọ ojú ilẹ̀, ti onímọ̀ ilẹ̀ tó mọ abẹ́ rẹ̀. Ìjọba dá iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó Nàìjíríà sílẹ̀ ní Ìdí-Ayunrẹ́, ní oṣù kejìlá 1964. Ní 1967 ni IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí àgbáyé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbóná, wá sí Ìbàdàn, láti ọdún 1970 sókè sì ni onímọ̀ ilẹ̀ Rattan Lal ti ń wọn ọ̀gbàrá níbẹ̀ lórí ilẹ̀ tó dagun ní ìdá 1, 5, 10 àti 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó rí i pé lórí ilẹ̀ tí a ro lásán, ilẹ̀ tó ń ṣàn lọ ń pọ̀ sí i bí òkè bá ṣe dagun sí. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti da koríko gbígbẹ tàbí ewé bo ilẹ̀ dáadáa, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, ì báà jẹ́ lórí èyí tó dagun jù. Oko kòkó tó ti pa orí dé ń ṣe èyí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ewé tirẹ̀. Ewu ibẹ̀ wà ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, nígbà tí kòkó ṣì kéré, tí iṣu àti ẹ̀gẹ́ wà láàárín rẹ̀, tí àgbẹ̀ sì ń ro ó mọ́ tónítóní. Erùpẹ̀ tí ikán fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé sókè lé orí òkúta lè bá òjò lọ láàárín àkókò yẹn. Níbi tí ìtẹ́ òkúta bá sún mọ́ òkè, kò sí ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Dípò kí a lo àwọn ìmọ̀ wọ̀nyí pọ̀, ajílẹ̀ ni a gbé ka gbogbo nǹkan. A ń bu erùpẹ̀ díẹ̀ lórí òkè, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ létí odò, a pò wọ́n sínú àpò kan, a gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Nọ́ńbà tí yóò jáde kì í ṣe ti ibì kankan nínú oko náà. Wọ́n á ní báyìí-báyìí ajílẹ̀ ni kí a da sí éékà kan, àgbẹ̀ á sì da iye kan náà sórí òkúta, sórí amọ̀ àti sórí yanrìn tí yóò fi í sílẹ̀ lọ nígbà òjò àkọ́kọ́. Àwọn tó ń gbèjà ajílẹ̀ yóò sọ pé ó ti mú kòkó so níbi púpọ̀, mo sì gbà. Ohun tí kò sí nílẹ̀ ni ajílẹ̀ ń fi kún un. Kò lè fi ìjìnlẹ̀ kún ilẹ̀, kò lè yọ òkúta kúrò nínú rẹ̀, kò sì lè sọ yanrìn di amọ̀. Ilé àyẹ̀wò tí kò bá bi wá léèrè ibi tí a ti bu erùpẹ̀ lórí òkè ti fi ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀.

Ní 2024, kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ti gbàgbé oko baba wọn sì tún gbá àdá mú. Iye kòkó kì í dúró, wọn yóò sì ti náwó sí ilẹ̀ kí wọ́n tó mọ ibi tí yóò wá dúró sí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kòtò mẹ́ta: ọ̀kan ní orí òkè, ọ̀kan ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀kan lókè àkùrọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó ènìyàn kan ní ìdúró. Lébìrà méjì á parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Kí wọ́n wo ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí, kí wọ́n yí amọ̀ ìsàlẹ̀ láàárín ìka. Níbi tí wọ́n bá ti rí amọ̀ láìsí òkúta títí dé mítà kan ààbọ̀, kí wọ́n gbin kòkó síbẹ̀. Kí wọ́n fi ibi tó kù sílẹ̀ fún ọ̀pẹ, obì tàbí ẹ̀gẹ́.